Ọmọ Orí Itan Nínú Bàálù: Ìdí Tí Òfin Kò Fi Ní Ká De Òun Náà

Kí bàálù tó gbéra, agbára káká ni ẹ fi máa rí ohun kan nínú rẹ̀ tí wọn kò dè mọ́lẹ̀. Wọ́n á pa ilẹ̀kùn àpótí ẹrù tó wà lókè orí dé. Wọ́n á ní kí oníkálukú ká tábìlì kékeré iwájú rẹ̀ sókè. Ìkòkò kọfí tó wà lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀, wọ́n á há a mọ́ àyè rẹ̀. Géńdé ọkùnrin tó lè fi ọwọ́ méjèèjì di ìjókòó iwájú mú, wọn ò ní fi í sílẹ̀ títí yóò fi so bẹ́líìtì. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù: ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, tí ọrùn rẹ̀ kò tíì le, tí orí rẹ̀ sì tóbi fún ara rẹ̀. Òun lè jókòó sórí itan ìyá tàbí bàbá rẹ̀ láìsí okùn kankan lára rẹ̀, òfin kò sì ní bá ẹnikẹ́ni wí.

Bó ṣe rí nìyẹn ní Amẹ́ríkà àti ní Kánádà. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n máa ń fún òbí ní bẹ́líìtì kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ inú bẹ́líìtì tirẹ̀ kí wọ́n tó fi so ọmọ. Mo máa padà sórí bẹ́líìtì kékeré yẹn, torí òun náà ní ìṣòro tirẹ̀.

Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé bí òfin bá fàyè gba nǹkan, á jẹ́ pé nǹkan náà kò léwu. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa yìí, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. FAA, ìyẹn àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ìrìnnà ojú òfurufú, òun ló ṣe òfin tó fàyè gba ọmọ lórí itan. Àjọ yìí kan náà ló ń sọ fún òbí pé itan kọ́ ni ibi tó láàbò jù fún ọmọ nínú bàálù, pé inú àga ọmọ tí wọ́n ti fọwọ́ sí ni, irú èyí tí a máa ń dè sẹ́yìn mọ́tò. Báwo ni ẹnu kan náà ṣe wá ń sọ ọ̀rọ̀ méjì? Ìtàn rẹ̀ gùn díẹ̀.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 1989, bàálù DC-10 kan tó jẹ́ ti United Airlines, tí nọ́ńbà ìrìn rẹ̀ jẹ́ 232, wà lójú òfurufú nígbà tí ẹ́ńjìnnì tó wà ní ìrù rẹ̀ fọ́. Àfọ́kù irin náà gé gbogbo páìpù òróró tí awakọ̀ fi ń darí ọkọ̀. Àwọn awakọ̀ ṣe gudugudu méje láti gbé e dé pápákọ̀ òfurufú Sioux City ní ìpínlẹ̀ Iowa. Èèyàn 296 ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́rin nínú wọn jẹ́ ọmọ kéékèèké tí wọ́n gbé sórí itan. Jan Brown ni olórí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú èrò lọ́jọ́ náà. Nígbà tó di dandan kí wọ́n múra sílẹ̀ fún ìforísọlẹ̀, ó sọ fún àwọn òbí ohun tí ìwé ìlànà iṣẹ́ wọn ní kó sọ: kí wọ́n tẹ́ ọmọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ wọn, kí wọ́n sì fọwọ́ dì í mú.

Bàálù náà já lulẹ̀, ó fọ́, ó sì gbiná. Èèyàn 112 ló bá a lọ. Méjì nínú àwọn ìyá náà kò lè di ọmọ wọn mú nígbà tí ọkọ̀ fi orí sọlẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mẹ́rin náà, tí kò tíì pé ọdún méjì, kú sínú èéfín. Jan Brown jáde láàyè, ó sì pàdé ìyá ọmọ náà níta níbi tó ti ń gbìyànjú láti padà sínú iná lọ wá a. Láti ìgbà náà ni obìnrin yìí kò ti sinmi. Ó ti dé iwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà lọ jẹ́rìí. Ohun kan náà ló ń bẹ̀ wọ́n fún láti ìgbà yẹn wá: kí gbogbo ọmọ ní ìjókòó tirẹ̀, kí wọ́n sì dè é.

Lọ́dún 1990, NTSB, ìyẹn àjọ tó ń ṣèwádìí ìjàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé sí FAA pé kí wọ́n sọ ọ́ di òfin. FAA kò ṣe é. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1994, bàálù USAir 1016 já nítòsí Charlotte ní North Carolina nínú ìjì òjò, èèyàn 37 sì kú. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án kan wà lórí itan ìyá rẹ̀. Ìyá yè é, ọmọ kú, torí pé ìforísọlẹ̀ já a gbà lọ́wọ́ ìyá. Ní Kánádà, lálẹ́ ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 2012, bàálù kékeré kan já nígbà tó fẹ́ balẹ̀ ní Sanikiluaq ní agbègbè Nunavut. Èèyàn mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀, mẹ́jọ ló yè. Ẹnì kẹsàn-án jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́fà tó wà lórí itan. Lẹ́yìn èyí ni àjọ tó ń ṣèwádìí ìjàǹbá ní Kánádà náà ní kí ìjọba wọn ṣòfin lórí dídè àwọn ọmọ kéékèèké.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ka àwọn ìtàn wọ̀nyí bí ẹni pé àwọn òbí náà kò gbìyànjú. Kò sí òbí tó lè ṣe é. Láti ọdún 1988 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ pé ìjókòó tí wọ́n bá ṣe fún irú bàálù tuntun gbọ́dọ̀ lè fara da agbára tó jẹ́ ìlọ́po 16 ìwúwo ẹni tó jókòó sí i, bí ọkọ̀ bá dúró lójijì. Ẹ fi ọmọ kílò 10 ṣe ìṣirò yẹn. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan péré, ọmọ náà á máa fa ọwọ́ yín bí ẹrù kílò 160. Ó ju àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta lọ. Ìfẹ́ òbí kò lè sọ ọwọ́ di irin.

Àmọ́ bàálù kì í sábà já, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì ni kí afẹ́fẹ́ òkè máa gbọn ọkọ̀ jìgìjìgì. Nígbà míì, bàálù á ṣàdédé já wálẹ̀ díẹ̀ láìsí ìkìlọ̀. Ohun tí wọ́n dè á bá a sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí wọn kò dè á dúró sókè níbi tó wà, àjà ọkọ̀ á sì wá bá a níbẹ̀. Báyìí ni èrò tí kò so bẹ́líìtì ṣe ń fi orí gbá òkè. Ọmọ orí itan kò ní bẹ́líìtì kankan láti so, ó sì lè jẹ́ pé ìgbà tí ìyá ti sùn lọ, tí ọwọ́ rẹ̀ ti dẹ̀, ni ọkọ̀ máa gbọ̀n.

Ohun tó tún gbé ọ̀rọ̀ náà jáde láìpẹ́ yìí ni ti Alaska Airlines 1282. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 2024, bàálù Boeing 737 MAX 9 yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra ní Portland ní ìpínlẹ̀ Oregon, ó ti ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 15,000, nígbà tí ìdérí tí wọ́n fi dí àyè ilẹ̀kùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ṣí kúrò, tó sì já bọ́. Afẹ́fẹ́ fà jáde láti inú ọkọ̀ tagbáratagbára. Àwọn ìjókòó méjì tó sún mọ́ ihò náà jù ṣófo lọ́jọ́ náà, kò sì sí ẹni tó kú. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ọwọ́ wà lórí itan òbí nínú ọkọ̀ yẹn. Nígbà tí NTSB parí ìwádìí rẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì wà nínú ohun tí wọ́n tún gbé síwájú FAA àti àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú.

Kí ló wá dé tí FAA kò fi gbà? Owó ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó bí àwọn kan ṣe rò ó. Ọmọ orí itan kì í sanwó rárá nínú ìrìn abẹ́lé Amẹ́ríkà. Nínú ìrìn láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá owó àgbàlagbà ni wọ́n sábà máa ń gbà lórí rẹ̀. Bí òfin bá ní dandan ni kí ọmọ ní ìjókòó tirẹ̀, ìdílé á ra tíkẹ́ẹ̀tì kan sí i. Lọ́dún 2005, nígbà tí FAA pa ètò òfin náà tì, ohun tí wọ́n sọ ni pé tíkẹ́ẹ̀tì kan sí i yẹn á lé àwọn ìdílé kan kúrò nínú bàálù, wọ́n á wa mọ́tò lọ síbi tí wọ́n ń lọ, bẹ́ẹ̀ ojú títì léwu ju ojú òfurufú lọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ìwádìí kan tí àwọn oníṣègùn gbé jáde lọ́dún 2003 ti ṣe ìṣirò rẹ̀ ṣáájú: irú òfin bẹ́ẹ̀ á gba ẹ̀mí ọmọ là ní ìwọ̀n 0.4 lọ́dún ní Amẹ́ríkà, ìyẹn ọmọ méjì láàárín ọdún márùn-ún. Bí ìdílé tó máa tìtorí ẹ̀ bọ́ sínú mọ́tò bá sì ju ìdá 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, iye ọmọ tó máa kú lójú títì á borí iye tí òfin náà gbà là.

Mi ò ní fi ọwọ́ rọ́ ìṣirò yìí sẹ́yìn. Ẹni tó ń ṣòfin fún odindi orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ wo ohun tí òfin á mú kí àwọn èèyàn ṣe, kì í ṣe ohun tó wù wá kí wọ́n ṣe nìkan. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ẹni tí ìṣirò yẹn ń bá wí. Ó ń bá ìdílé tó ṣì ń ronú bóyá kí wọ́n wọ bàálù tàbí kí wọ́n wa mọ́tò wí. Ìyá tó ti sanwó bàálù, tó ti di ẹrù, tó ń sọdá òkun tí mọ́tò kò lè gbà kọjá, kò sí nínú rẹ̀. Òun kò ní padà sójú títì. Ọ̀nà méjì péré ló wà fún ọmọ tirẹ̀: orí itan, tàbí inú àga tí wọ́n dè. Nínú méjèèjì yìí, kò sí àjọ kankan, títí kan FAA, tó sọ pé itan ló dára jù. Ibi tí mo rò pé ọ̀pọ̀ òbí ti ṣìnà nìyí, kì í sì í ṣe ẹ̀bi wọn: ìdáhùn tí ìjọba fún àwọn aṣòfin ni wọ́n gbà bí ẹni pé ìdáhùn fún òbí ni.

Ẹ tún wo ọjọ́ ìbí ọmọ. Ọmọ tó pé ọdún méjì láàárín ìsinmi, ó lè bá ìyá rẹ̀ lọ lórí itan, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní ìjókòó tirẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀. Ara ọmọ náà kò yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Iye kílò rẹ̀ kò yàtọ̀. Ọdún méjì tí òfin fi ṣe ààlà kò bá ìwọ̀n ara ọmọ tan rárá.

Ó ku bẹ́líìtì kékeré ti Yúróòpù. Lójú, ó dà bíi pé ó sàn ju òfìfo lọ, ó sì lè dá ọmọ dúró kó má fò lọ sókè bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n. Bí ọkọ̀ bá wá fi orí sọ nǹkan ńkọ́? Bẹ́líìtì bàálù, ìbàdí nìkan ló ń dè. Àyà àti orí àgbàlagbà á tẹ̀ síwájú, á sì ká lé orí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n so mọ́ iwájú rẹ̀ ló máa wà láàárín, bẹ́líìtì á sì máa fún un níkùn. Ìdí nìyẹn tí Amẹ́ríkà kò fi gbà kí wọ́n lò ó nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn nílẹ̀, nígbà tó bá ń gbéra, àti nígbà tó bá ń balẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ló bá ọ̀já tí a fi ń pọn ọmọ sí àyà: FAA kò kà á sí ohun ààbò láwọn àkókò wọ̀nyẹn. Ohun tí kò dára jù lọ ni kí òbí fi bẹ́líìtì tirẹ̀ gan-an yí ara rẹ̀ àti ọmọ ká pọ̀. Gbogbo ìwúwo òbí ló máa tẹ ọmọ.

Tó bá wá di pé ẹ fẹ́ gbé àga lọ, lébẹ̀ẹ̀lì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àga tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà máa ń ní àkọlé pupa tó sọ pé wọ́n fọwọ́ sí i fún mọ́tò àti fún bàálù. Ó sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí lábẹ́ àga, níbi tí ojú kì í tètè dé. Àga tó ní àmì ìlànà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tàbí tí ìjọba orílẹ̀-èdè míì fọwọ́ sí, wọ́n gbà á nínú bàálù Amẹ́ríkà pẹ̀lú. Ẹ ya fọ́tò lébẹ̀ẹ̀lì náà sínú fóònù yín. Òṣìṣẹ́ tí kò mọ òfin lè dá yín dúró lẹ́nu ọ̀nà, fọ́tò yẹn á sì yanjú rẹ̀ kíá ju kí ẹ máa dojú àga kọlẹ̀ níwájú èrò.

Fífẹ̀ rẹ̀ ló kàn. FAA ní àga tí kò fẹ̀ ju íǹṣì 16 lọ yẹ kó wọ inú ọ̀pọ̀ ìjókòó bàálù. Àwọn àga ńláńlá tó dùn ún wò nínú mọ́tò lè má gba àárín ìgbọ́wọ́lé méjèèjì. Ọmọ tí kò tó kílò 9 ni kó kọjú sẹ́yìn. Láti kílò 9 sí 18, ó lè kọjú síwájú bí ìwé àga náà bá gbà bẹ́ẹ̀. Àga tó ní ìpìlẹ̀ tí a ń fi sílẹ̀ sínú mọ́tò, ẹ fi ìpìlẹ̀ náà sílẹ̀, kí ẹ sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi bẹ́líìtì nìkan dè é. Irin tí a ń kì í mọ́ nínú mọ́tò kò sí nínú bàálù.

Ìjókòó ẹ̀bá fèrèsé ló dára jù, kí àga má bàa dí ẹlòmíràn lọ́nà bí wọ́n bá ní kí gbogbo èèyàn sá jáde. Wọn ò ní gbà á ní ìlà ẹnu ọ̀nà pàjáwìrì, àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kan kì í sì í gbà á ní ìlà tó wà níwájú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn bẹ́líìtì kan wà tí wọ́n ki àpò afẹ́fẹ́ sínú wọn. Àga ọmọ kò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ àyàfi tí wọ́n bá lè pa àpò náà. Ìjókòó olówó ńlá tó ń di ibùsùn sábà máa ń ní irú ìṣòro yìí, nítorí náà ẹ pe ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà ṣáájú. Nígbà tí ẹ bá ti de àga tán, irin ìdè bẹ́líìtì lè bọ́ sí ẹ̀yìn ọmọ gan-an. Ẹ ṣàyẹ̀wò rẹ̀ kí ọmọ tó jókòó, ẹ sì rí i dájú pé ọwọ́ yín lè dé ibẹ̀ láti tú u. Mo ti rí òbí tó ń làágùn lórí irin yẹn nígbà tí gbogbo èrò ti jáde tán.

Àga kékeré tí kò ní ẹ̀yìn, èyí tó kàn ń gbé ọmọ ńlá sókè kí bẹ́líìtì mọ́tò lè gba èjìká rẹ̀ kọjá, kò wúlò nínú bàálù, torí bẹ́líìtì bàálù kì í dé èjìká. Ẹ kó o mọ́ ẹrù, ẹ máa nílò rẹ̀ níbi tí ẹ bá dé.

Fún ọmọ tó ti lè jókòó dáadáa, tó wà láàárín kílò 10 sí 20, tí kò sì ga ju nǹkan bíi mítà kan lọ, ohun mìíràn wà tó fúyẹ́: okùn tí wọ́n ń pè ní CARES, tí FAA fọwọ́ sí lọ́dún 2006. Ẹ̀yìn ìjókòó bàálù ni wọ́n ń dè é yí ká, ó sì ń fún ọmọ ní okùn èjìká méjì. Ó ṣeé ká sínú àpò kékeré. Àmọ́ bàálù nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Bí ẹ bá máa wọ mọ́tò láti pápákọ̀, ẹ ṣì nílò àga gidi.

Ìyẹn ló mú mi fẹ́ràn kí àga wọlé pẹ̀lú ọmọ. Èyí tí ẹ bá fi sínú ikùn ọkọ̀, wọ́n á jù ú bí wọ́n ṣe ń ju àpò yòókù. Àga lè sán nínú láìhàn lójú. Bó bá di dandan kí ẹ fi í ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ wá àpò tó nípọn fún un, kí ẹ sì yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò, títí kan okùn àti ìdè rẹ̀, kí ẹ tó dè é sínú mọ́tò.

Bí pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀, ọmọ ni kí ẹ yọ, kí ẹ fi àga sílẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kìíní ọdún 2024, bàálù Japan Airlines kan gbiná ní pápákọ̀ Haneda ní Tokyo lẹ́yìn tó kọlu ọkọ̀ òfurufú mìíràn. Gbogbo èèyàn 379 tó wà nínú ti Japan Airlines ló jáde láàyè. Mẹ́jọ nínú wọn jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìdílé ni tíkẹ́ẹ̀tì kan sí i kọjá agbára wọn. Kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dójú tì wọ́n lórí rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣì lè ṣe ni kí wọ́n yan ọjọ́ àti wákàtí tí èrò kì í pọ̀, kí wọ́n gbé àga náà dé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, kí wọ́n sì bi òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú sùúrù bóyá ìjókòó kan ṣófo tí wọ́n lè fi àga sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ máa ń fún wọn láìgba owó, bí àyè bá wà. Bí kò bá sí, wọ́n á gba àga náà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á sì dá a padà fún wọn nígbà tí ọkọ̀ bá balẹ̀.